Ẹnu Ẹlẹ́rìí, Etí Adájọ́: Ẹ̀kọ́ Nípa Ọkàn Ẹ̀dá Níwájú Òfin Láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

1. Ìfáàrà

  

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa rò ó nínú ara wọn pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ àti àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fà á. Ní àìpẹ́ yìí, ìyá kan láti Ọ̀kà mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ saikọ́lọ́jì ni ó sì yàn. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, ‘Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Òfin ni mo ní kí ó lọ kọ́. Ó ní òun yóò lọ kọ́ nípa àwọn ọ̀daràn. Ṣé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ ọmọ ènìyàn?’ Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Màámi, kì í ṣe ìwà ọ̀daràn ni mo fẹ́ kọ́ o. Mo fẹ́ kọ́ bí ọkàn ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́, kí n lè máa ran ilé ẹjọ́ lọ́wọ́.’ Mo bi í pé irú ìrànlọ́wọ́ wo ni. Ó dá mi lóhùn pé, ‘Bí ènìyàn bá ń purọ́, sà, màá kàn wo ojú rẹ̀, màá sì mọ̀.’

Ìdáhùn yìí ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ sọ. Ẹni tí yóò bá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá níwájú òfin ní agbègbè wa yìí, kí ó tó wo ojú ẹnikẹ́ni, èdè ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ẹlẹ́rìí fi ń gbé ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ dé iwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ náà a sì máa pa àwọ̀ dà lójú ọ̀nà. Nígbà mìíràn, àwọ̀ tí ó pa dà yìí ni ó ń sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti ọwọ́ èmi náà ṣẹlẹ̀ rí, n ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kúrò lórí ìdúró.

2. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́

Ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní forensic psychology kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn nìkan. Ẹ̀kọ́ ni tí ó ń lo ìmọ̀ nípa ọkàn, ìrántí àti ìwà ẹ̀dá láti fi wádìí ohun tí òfin bá fẹ́ mọ̀. Ǹjẹ́ ohun tí ẹlẹ́rìí yìí ń rántí ṣeé gbára lé? Ǹjẹ́ ẹni tí ó jẹ́wọ́ yìí fi inú kan jẹ́wọ́, tàbí ìbẹ̀rù ni ó mú un sọ ohun tí kò ṣe? Ǹjẹ́ orí ẹni tí ó hu ìwà yìí pé ní wákàtí tí ó hù ú? Báwo ni a ṣe ń bi ọmọdé ní ìbéèrè láìjẹ́ pé a fi ìdáhùn sí i lẹ́nu? Kí ni ó lè yí ọkàn ẹlẹ́wọ̀n padà kí ó má baà tún padà sí ẹ̀wọ̀n? Irú ìbéèrè wọ̀nyí ni ó ń bọ́ wọn.

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí a ń gbà wọlé tààrà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́rin gba oyè àkọ́kọ́ nínú saikọ́lọ́jì: yóò kọ́ nípa ìrántí, nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, nípa àrùn ọpọlọ, àti nípa bí a ti ń ṣe ìwádìí tí a sì ń fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ó bá ń ka ìwé fún oyè kejì ni ó tó lè dojú kọ ọ̀rọ̀ òfin dáadáa. Láti ọdún 1999 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti gbé yunifásítì rẹ̀ wá sí Àkùngbá, èyí tí a ń fi orúkọ Olóyè Adékúnlé Ajásin pè lónìí, kò tún sí ìdí tí ọmọ Ìkàrẹ́ tàbí ọmọ Ọ̀kà yóò fi sọ pé ọ̀nà ẹ̀kọ́ saikọ́lọ́jì jìn sí òun. Àárín ìlú méjèèjì ni ó wà.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ọmọ àná. Ní ọdún 1908, Hugo Münsterberg, ọmọ Jámánì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní On the Witness Stand. Ohun tí ó wú mi lórí nínú ìwé náà ni pé ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Olè ja ilé rẹ̀. Wọ́n pè é kí ó wá jẹ́rìí. Ó búra, ó sì sọ pé ojú fèrèsé ni àwọn olè náà gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ilẹ̀kùn ni wọ́n já. Kò purọ́, kò sì gba rìbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ọkàn ni. Ìrántí tirẹ̀ gan-an ni ó tàn án jẹ.

Àwa tí a ń ka ìwé Yorùbá kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn àti ìtọpinpin. Láti ọdún 1969 tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ni Lápàdé ti di ojúlùmọ̀ wa, ìwé Kọ́lá Akínlàdé sì mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí olùkọ́ lítíréṣọ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí. Nínú ìwé ìtàn, òǹkọ̀wé ti mọ ẹni tí ó jalè kí ó tó kọ ojú ìwé kìn-ín-ní. Nílé ẹjọ́, kò sí òǹkọ̀wé. Ọ̀rọ̀ nìkan ni a ní lọ́wọ́.

3. Ṣé ojú ni ọ̀rọ̀ wà?

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin ará Ọ̀kà yẹn. Àwọn àgbà wa sọ pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà yìí kò sọ pé ojú ni irọ́ wà. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí àwọn tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wọn sọ kò ara wọn lójú kí wọ́n sọ ọ́. Ní ọdún 2006, Charles Bond àti Bella DePaulo kó àbájáde ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ, nínú èyí tí a ti ní kí àwọn ènìyàn wo ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì sọ bóyá òótọ́ ni ó ń sọ tàbí irọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, nǹkan bí ìgbà 54 péré ni wọ́n gbà á. Ẹni tí ó bá kàn ń ju owó ẹyọ sókè yóò gba 50. Ẹ kò rí i pé àǹfààní tí ó wà nínú wíwo ojú kéré.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í tẹjú mọ́ àgbà. Bí àgbà bá ń bá a wí, ilẹ̀ ni ó ń wò. Bí ọlọ́pàá tí ó ti ka ìwé òyìnbó bá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé, yóò ní, ‘Wò ó bí kò ṣe lè wo ojú mi, ó mọ ohun tí ó ṣe.’ Bí ọmọ náà bá sì gbójú sókè, àgbà tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan yóò ní, ‘Wò ó bí ó ti ń wo ẹni gànràngànràn, ọ̀daràn ni.’ Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ fi ogún ọdún kọ́ ọ ti di ẹ̀rí lòdì sí i. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní fún akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyẹn: kí ó tó ka ìwà sí àmì ẹ̀ṣẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àmì ìtẹríba ni.

4. Ìbéèrè tí ó ń bí ìrántí

Bí a bá fi ojú sílẹ̀, tí a wá gbájú mọ́ ọ̀rọ̀, ìṣòro mìíràn tún ń dúró dè wá. Gbogbo ẹni tí ó bá ń gbé Àkókó ni ó mọ àwọn òkè wa àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó wà lójú ọ̀nà wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ àwọn ilé ìtajà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì ní Àkùngbá, ó sì pa ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tí ó kú. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn tí ó wà nítòsí ni a ń bi léèrè: irú eré wo ni ọkọ̀ náà ń sá? Ṣé ó fọn fèrè? Ìdáhùn wọn ni a fi ń wá ẹni tí ó jẹ̀bi.

Ní ọdún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer, ní Amẹ́ríkà, fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà nípa eré tí àwọn ọkọ̀ náà ń sá, àyàfi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tí wọ́n pààrọ̀. Wọ́n bi àwọn kan nípa ìgbà tí àwọn ọkọ̀ náà ‘fọ́ mọ́ ara wọn’, wọ́n sì bi àwọn mìíràn nípa ìgbà tí wọ́n ‘fara kan ara wọn’. Àwọn tí ó gbọ́ ‘fọ́’ dá eré náà lé nǹkan bíi máìlì 41 ní wákàtí kan. Àwọn tí ó gbọ́ ‘fara kan’ dá a lé nǹkan bíi máìlì 32. Fíìmù kan náà ni wọ́n wò. Nínú ìwádìí wọn kejì, wọ́n jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọ́n sì béèrè bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà rí àfọ́kù gíláàsì. Kò sí gíláàsì kankan tí ó fọ́ nínú fíìmù náà. Síbẹ̀, nínú 50 tí a ti lo ‘fọ́’ fún, 16 ní àwọn rí àfọ́kù. Nínú 50 tí a lo ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún, 7 péré ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo èdè tiwa. A ní ‘gbá’, a ní ‘kọlù’, a ní ‘forí sọ’, a ní ‘já lù’. Lẹ́yìn èyí, a tún ní àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń ya ìró àti ìrísí nǹkan: ‘gbàgà’, ‘gbì’, ‘wàà’, ‘yángá’. Kò sí Yorùbá tí ó ń sọ ìtàn ìjàǹbá tí kì í fi wọ́n kún un, nítorí pé ìtàn tí kò ní wọn kì í dùn létí. Àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ a máa yìn wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹwà èdè. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń wádìí ọ̀ràn bá béèrè pé, ‘Nígbà tí ọkọ̀ náà já lu ìsọ̀ náà gbàgà, níbo ni o wà?’, ó ti fi ‘gbàgà’ sínú ìrántí ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí yóò gbé e lọ sílé, yóò sùn tì í, yóò sì gbé e wá sílé ẹjọ́ bí ẹni pé etí òun ni ó fi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá àkọlé fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín, ẹ tún ìwádìí ọdún 1974 yẹn ṣe ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dán an wò. Ẹ kò nílò láti lọ sí Amẹ́ríkà kí ẹ tó ṣe é.

Ewu tí ó wà nínú ìrántí àṣìṣe kì í ṣe ewu kékeré. Láti ọdún 1992 ni àjọ tí ó ń jẹ́ Innocence Project ti ń fi àyẹ̀wò DNA tú àwọn aláìṣẹ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà. Lára àwọn tí ó lé ní 370 tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti dá láre níbẹ̀, ẹlẹ́rìí tí ó ṣi ènìyàn mú fún ẹlòmíràn wà nínú ẹjọ́ nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá. Nínú ẹjọ́ nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá, aláìṣẹ̀ náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe.

5. Ilẹ̀kùn mẹ́ta

Ní Amẹ́ríkà tí mo ń sọ yìí, èdè kan ni wọ́n fi béèrè, èdè kan náà ni wọ́n fi dáhùn. Àkókó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró ní ọjà Ìkàrẹ́, yóò gbọ́ ẹ̀ka-èdè Yorùbá tí Ìkàrẹ́ ń sọ, yóò gbọ́ ti Ọ̀kà, yóò sì tún gbọ́ àwọn èdè tí kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Yorùbá rárá, bí Akpes àti Ukaan. Obìnrin tí ó ń sọ Akpes nílé rẹ̀ yóò fi Yorùbá Ìkàrẹ́ tajà; bí ọ̀ràn bá gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, yóò gbìyànjú Yorùbá ajùmọ̀lò; ọlọ́pàá yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà kọjá kí adájọ́ tó rí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe ohun tí ó lè sọnù ní ilẹ̀kùn tí ó kẹ́yìn nìkan.

Èkíní ni ‘bẹ́ẹ̀ ni’. Bí a bá bi Yorùbá pé, ‘Ṣé o kò mú owó náà?’, tí kò sì mú un, yóò ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni.’ Ohun tí ó ń sọ ni pé bí o ti wí i náà ni ó rí, n kò mú un. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá fi ‘yes’ dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti ní òun mú un. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ẹ̀wọ̀n sì lè ti inú rẹ̀ jáde.

Èkejì ni ‘wọ́n’. Ọmọ iṣẹ́ kan ní, ‘Wọ́n ní kí n lọ gbé ẹrù náà wá.’ Ọ̀gá rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń fi ‘wọ́n’ bọ̀wọ̀ fún. Bí akọ̀wé bá sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé, ‘Àwọn mélòó ni yín? Dárúkọ àwọn yòókù.’ Ọ̀wọ̀ ti bí ẹgbẹ́ olè.

Ẹ̀kẹta ni ‘pẹ̀lẹ́’. Bí ẹnìkan bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta níwájú wa, a óò ní, ‘Pẹ̀lẹ́ o.’ A kò ní àwa ni a gbé òkúta síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí àgbà ń bínú sí a máa dọ̀bálẹ̀, a ní, ‘Mo jẹ̀bi, sà, ẹ má bínú,’ kí ìbínú àgbà lè rọlẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀ pé òun kò ṣẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ọlọ́pàá, ‘mo jẹ̀bi’ kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ.

Ẹ̀kẹrin ni kíka ọjọ́, ibẹ̀ sì ni ìjẹ́wọ́ tèmi wà.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè àkọ́kọ́, mo wà nílé fún ìsinmi ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀rọ amúnáwá kan sọnù ní ìsọ̀ ẹnìkan ní òru ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Ẹni tí ó lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kò sí nítòsí. Ìyá ọmọ náà sì mọ̀ mí. Ó wá bẹ̀ mí pé, ‘Bùọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé, ẹ bá wa kọ ọ́.’ Mo lọ, mo sì fi ìgbéraga ọmọ yunifásítì jókòó. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, ‘Ìjẹrin ni mo dé láti Ọ̀wọ̀.’ Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí ó ti dé.

Ẹ bá mi kà á. Yorùbá a máa ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Òní jẹ́ ọ̀kan, àná di méjì, ìjẹta di mẹ́ta, ìjẹrin di mẹ́rin. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìjẹrin. Òyìnbó kì í ka òní mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn tirẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Ọmọ náà sọ pé òun kò sí nílùú ní òru tí olè jà. Bírò mi ni ó gbé e padà wọ ìlú ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ fún un, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kà á. Ó mi orí, ó sì tẹ̀ka. Bí ó sì ti dọ̀bálẹ̀ tí ó ní, ‘Ẹ má bínú, mo jẹ̀bi,’ fún ẹni tí ó ni ìsọ̀ náà, mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ó lò ní àhámọ́. Ẹni tí ó gbà á sílé ní Ọ̀wọ̀ ni ó wá, tí ó ní ilé òun ni ọmọ náà sùn ní òru ọjọ́ Ajé. Wọ́n fi í hàn án pé ìwé tí ọmọ náà fọwọ́ sí kò bá ti ẹ̀rí rẹ̀ mu. Bàbá àgbà kan tí kò mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà ni ó béèrè pé, ‘Kí ni ọmọ náà tilẹ̀ sọ lẹ́nu ara rẹ̀?’ Wọ́n bi í, ó ní ìjẹrin. Bàbá náà ka ìka rẹ̀, ó wojú mi, kò sì sọ nǹkan kan. Kò sí èébú tí ẹnikẹ́ni bú mi rí tí ó dùn mí tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀ pé èmi ni.

6. ‘Iṣẹ́ èṣù ni’

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí a ṣì kà ṣeé fi ìka tún kà. Èyí tí ó jẹ mọ́ orí pípé kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ní apá gúúsù Nàìjíríà sọ ní abala 28 pé a kì í di ẹ̀bi ru ẹni tí àrùn ọpọlọ kò jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe, tàbí tí kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe é, tàbí tí kò jẹ́ kí ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Òfin ni èyí. Ta ni yóò sọ bí ọ̀ràn ṣe rí nínú ọkàn ẹni náà?

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ní ń sọ pé, ‘Iṣẹ́ èṣù ni.’ Ẹlòmíràn yóò ní, ‘N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi lọ.’ Ẹlòmíràn yóò ní, ‘Ojú mi ṣú.’ Àṣà ọ̀rọ̀ ni èyí lẹ́nu ẹnìkan. Àbámọ̀ ni ó ń fi hàn. Lẹ́nu ẹlòmíràn, òótọ́ ni ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ẹni tí ó kà á bí àṣà ọ̀rọ̀ nígbà tí ó jẹ́ àrùn yóò rán aláìsàn lọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tí ó kà á bí àrùn nígbà tí ó jẹ́ àṣà ọ̀rọ̀ yóò tú apànìyàn sílẹ̀. Ìwé ìdánwò tí a kọ ní ìlú òyìnbó kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, nítorí pé kò gbọ́ ohun tí Yorùbá ń fi èṣù, orí, inú àti ojú sọ.

Ẹni tí ó ti lànà fún wa ni Adéoyè Lámbò. Ní Aro, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin ará abúlé, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó mọ̀ pé ọkàn tí ó dàrú, èdè àti àṣà tí ó fi dàrú náà ni yóò fi bọ̀ sípò. Bí ìyẹn bá tọ̀nà fún ilé ìwòsàn, ó tọ̀nà fún ilé ẹjọ́.

7. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Kì í ṣe pé òfin kò rí ìṣòro yìí. Òfin Àpapọ̀ ti ọdún 1999 sọ ní abala 36 pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè ilé ẹjọ́, ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn sọ pé bí ẹni tí a fura sí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó kà á fún un títí yóò fi yé e, kí òun náà sì fọwọ́ sí i. Ó tún fàyè gba pé kí a fi ẹ̀rọ ká ìjẹ́wọ́ sílẹ̀, ohùn àti àwòrán. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ ti pọ̀ ju àwọn tí a ti dá lẹ́jọ́ lọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún un wò.

Mo dábàá ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ saikọ́lọ́jì àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè jùmọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ìtumọ̀ èdè fún ilé ẹjọ́, kí ó má sì mọ sí Yorùbá ajùmọ̀lò nìkan. Àwọn èdè Àkókó yòókù ní láti wà níbẹ̀. Èkejì, kí a máa kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní èdè tí ó fi sọ ọ́, kí a kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ‘ìjẹrin’ bá ti wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni lè ka ìka rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dẹ́kun dídúró de ìwádìí ilẹ̀ òkèèrè. Ìbéèrè tí ó pọ̀ tó láti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní oyè ọ̀mọ̀wé wà láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ènìyàn bá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́ ọ ní èdè tí kì í ṣe tiwọn, mo béèrè lọ́wọ́ yín, ẹnu mélòó ni ó gbọ́? Títí di òní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a máa fi irin búra nílé ẹjọ́ wa. A ń bẹ Ògún kí ó ṣọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí. Ta ni ó ń ṣọ́ bírò akọ̀wé?

Mo sọ ìtàn ọ̀dọ́kùnrin bíríkìlà náà fún ọmọbìnrin ará Ọ̀kà yẹn lójú ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, ‘Ǹjẹ́ ẹ padà sọ fún un, sà?’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo padà lọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ó ti di ọ̀gá bíríkìlà nígbà náà. Mo sọ ọ́ fún un tán, ó wo ilẹ̀, ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà.’ Òun ni ó ń bẹ̀ mí. Bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ó ṣẹ̀ mí.

Ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀.